Kí ọkọ̀ rìmóòtù tó kan omi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ló ní òun fẹ́ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí. Ká má purọ́, èmi náà fẹ́ ẹ. A ti rí ọ̀kan tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ pé ó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan, bátìrì LiPo ló sì ń lò. Ìyá ọmọ ní òun gbọ́ pé bátìrì yẹn máa ń gbiná. Ṣé ká rà á? Kí ló yẹ ká mọ̀ kó tó wọ omi? Bó bá sì lọ kú sáàárín omi ńkọ́?

Ìdáhùn:

Bàbá ọmọ, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹ má tíì ra ìyẹn. Kì í ṣe pé ọkọ̀ náà burú, àkókò rẹ̀ ni kò tíì tó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ohun tó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń kọjá nǹkan bíi mítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí adágún tí ẹ fẹ́ lò bá fẹ̀ tó 50 mítà, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni ọkọ̀ yẹn máa fi dé òdìkejì. Ọmọ tó ṣì ń ronú ọwọ́ tó yẹ kó yà sí kò ní tíì parí èrò rẹ̀ tí ọkọ̀ á ti gun òkè. Ọkọ̀ ojú omi kò sì ní bíréèkì. Ọ̀pọ̀ àwọn asáré yìí kò tilẹ̀ lè padà sẹ́yìn. Bí ọmọ náà bá ti lè darí ọkọ̀ tó ń lọ pẹ̀lẹ́ gba àárín nǹkan méjì tó léfòó lójú omi, ní lílọ àti ní bíbọ̀, láì kan èyíkéyìí, tó sì lè ṣe é lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ díẹ̀, ẹ lè padà lọ ra asáré. Ṣáájú ìgbà yẹn, owó ni ẹ fẹ́ sọ sómi.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀rù ọkọ̀ nígbà tó bá ń sáré. Èmi kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù rẹ̀ nígbà yẹn, bí kò bá ti sí ẹnikẹ́ni nínú omi. Ìgbà tó dúró jẹ́ẹ́ ni mò ń bẹ̀rù rẹ̀: ìgbà tí bátìrì rẹ̀ ń gba iná nínú ilé, ìgbà tí ẹ gbé e sórí itan tí ẹ ń so wáyà, àti ìgbà tó kú sáàárín omi tí ẹnì kan ti ń bọ́ bàtà pé òun fẹ́ lọ gbé e. Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ìdáhùn mi máa pẹ́ sí jù.

Ọkọ̀ wo ló wá yẹ kí ẹ rà? Ẹ wá èyí tó gùn tó 50 sí 70 sẹ̀ǹtímítà, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, tí kì í yá ju bí èèyàn ṣe ń rìn lọ. Àwọn tí wọ́n ṣe bí ọkọ̀ kúkúrú alágbára tó ń fa ọkọ̀ ńlá wọ èbúté dára gan-an fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Wọn kì í tètè dojú dé, ọwọ́ àgbà wọ inú wọn láti tún wáyà ṣe, bí wọ́n bá sì forí gbá òkúta, ọ̀dà ló máa họ. Ẹ má ra èyí tó kéré ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ á máa tì í káàkiri, rìmóòtù rẹ̀ kì í sì í mú nǹkan tó jìnnà.

Bí ọmọ náà bá ní sùúrù, ọkọ̀ onígbòkun ń kọ́ èèyàn ní omi ju gbogbo wọn lọ. Afẹ́fẹ́ ló ń tì í, bátìrì kékeré tó ń fa okùn ìgbòkun tó sì ń yí ìtọ́kọ̀ nìkan ló nílò, kò sì ní prọ̀pẹ́là, abẹ tó ń yí lábẹ́ omi tó ń ti ọkọ̀ lọ, tó lè gé ọwọ́. Ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, tí òjé wà nídìí, gùn, nítorí náà omi tí kò jìn kò gbà á. Kíláàsì kan tí wọ́n ń fi díje káàkiri ayé, International One Metre, kò gbọdọ̀ gùn ju mítà kan lọ, kò sì gbọdọ̀ fúyẹ́ ju 4 kìlógíráàmù lọ. Mo kàn ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé àgbàlagbà pọ̀ nínú eré yìí. Àwọn tó ń lo epo, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná: ariwo wọn, páìpù èéfín wọn tó ń gbóná, àti epo tó lè dà sómi, kò sí èyí tó yẹ ọmọ ọdún 11 nínú wọn.

Ó wá kan bátìrì. Ìyá ọmọ kò sọ̀rọ̀ asán. LiPo, ìyẹn bátìrì lithium polymer, máa ń gbiná lóòótọ́ bí wọ́n bá lò ó nílòkulò, ó sì yẹ kí ẹ mọ ìdí. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní 3.7 V, ìyẹn fólítì. Bó bá kún, ó di 4.2 V, kò sì gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Bó bá ń tán lọ, kò gbọdọ̀ wá sísàlẹ̀ 3.0 V. Bí wọ́n bá rọ iná sí i kọjá 4.2 V, tàbí wọ́n bá ṣáàjì èyí tó ti tán kọjá ààlà, tàbí ó forí gbá nǹkan tí inú rẹ̀ sì fọ́, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè gáàsì nínú, ara rẹ̀ á wú bí ìrọ̀rí, ooru á sì máa bí ooru títí tó fi máa gbiná. Èéfín rẹ̀ ní májèlé. Bí ẹ bá rí i tó ń yọ èéfín nínú ilé, ẹ kó gbogbo ará ilé jáde, ẹ pe panápaná, kí ẹ má gbé e dání pé ẹ fẹ́ sáré jù ú síta.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ fi NiMH, ìyẹn bátìrì nickel-metal hydride, bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yà mẹ́fà ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, 1.2 V lọ́kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn jẹ́ 7.2 V. Ó wúwo ju LiPo lọ, agbára rẹ̀ kò sì tó tiẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè fara da àṣìṣe ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ọkọ̀ tó ń lọ pẹ̀lẹ́ kò sì nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó bá wá di ọjọ́ tí LiPo wọlé yín, ẹ ra ṣájà tó ń wo ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kí gbogbo wọn lè kún dọ́gba. Ẹ ka ojú ṣájà náà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fi sí NiMH nígbà tó jẹ́ LiPo ló wà lẹ́nu rẹ̀, ṣájà kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Iye iná tó yẹ kó máa wọlé kò ṣòro ó mọ̀: ẹ wo iye mAh tó wà lára bátìrì, ìyẹn bí iná tó lè gbà sínú ṣe pọ̀ tó, ẹ fi 1,000 pín in. Bátìrì 5,000 mAh gba 5 A (áńpíà), ti 2,200 mAh gba 2.2 A. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ sí lára pé ó lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kánjúkánjú kọ́ ni ẹ ń ṣe, ẹ má wò ó.

Orí sìmẹ́ńtì tàbí orí táìlì ni kó ti gba iná, níbi tí aṣọ, kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnì kò sí nítòsí, kí ẹnì kan sì wà níbẹ̀ tó ń wò ó. Wọ́n ń ta àpò kan tí iná kì í tètè jó fún iṣẹ́ yìí. Ó dára, ṣùgbọ́n kò ní kí ẹ lọ sùn. Bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú omi dé, tó ṣì gbóná, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó ṣáàjì rẹ̀. Ẹ má sì ṣáàjì bátìrì kankan nínú ọkọ̀. Inú ọkọ̀ há, a ti dé e pa kí omi má baà wọlé, ooru àti gáàsì kò sì ríbi gbà jáde. Bátìrì olójé, 6 V tàbí 12 V, tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá kan ń lò kí ìwúwo rẹ̀ lè bá wọn jókòó dáadáa lójú omi, máa ń tú gáàsì haidirójìn sílẹ̀ nígbà tó bá ń gba iná. Iná kékeré tó bá ta pàrà lásán ti tó láti mú kó bú gbàmù.

LiPo tó bá ti wú, ìlò rẹ̀ ti tán. Ẹ má gún un kí gáàsì lè jáde, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ gbé e síta nínú garawa oníyanrìn títí ẹ ó fi rí ibi tí wọ́n ti ń gba bátìrì àlòkù.

Ibi kejì ni tábìlì tí ẹ ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Òfin àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ lórí ni pé rìmóòtù ló ń kọ́kọ́ tàn, òun náà ló sì ń kú kẹ́yìn. Bí ẹ bá kọ́kọ́ tan ọkọ̀, kò sí ẹni tó ń pàṣẹ fún un, àwọn kan lára wọn á sì fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí ẹ bá sì kọ́kọ́ pa rìmóòtù, bákan náà ni. Òfin kejì: kí ọwọ́ tó lọ sí ìdí ọkọ̀, bátìrì ti gbọ́dọ̀ kúrò. Kì í ṣe súìṣì pípa ni mò ń wí o, kí ẹnu wáyà bátìrì yọ kúrò lára wáyà ọkọ̀ pátápátá, kí ẹ sì fojú rí i pé ó yọ.

Ìdí tí mo fi le báyìí ni prọ̀pẹ́là. Lára ẹ́ńjìnnì oníná, ẹ máa rí nọ́ńbà kan tí kV wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe kílófólítì o. Ẹ fi iye V bátìrì sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí iye ìgbà tó ń fẹ́ yí láàárín ìṣẹ́jú kan bí ohunkóhun kò bá dì í mú. Ẹ́ńjìnnì 2,000 kV tí bátìrì 11.1 V wà nídìí rẹ̀ ń lépa 22,200. Prọ̀pẹ́là onírin tí wọ́n ti pọ́n etí rẹ̀ tó bá yí tó bẹ́ẹ̀ kì í béèrè ìka ta ni. Ti ọkọ̀ pẹ̀lẹ́ tí mo ní kí ẹ rà kò ní yí tó ìdajì rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà tí ọmọ bá kọ́ lára ti àkọ́kọ́ ló máa gbé lọ sídìí ti kejì. Ẹ ṣe ìjókòó kan fún ọkọ̀ náà, kódà kó jẹ́ fóòmù méjì tí ẹ gbẹ́ àárín wọn, kí ọkọ̀ lè dúró lórí rẹ̀ tí prọ̀pẹ́là kò sì kan nǹkan kan. Irun gígùn, apá aṣọ tó fẹ̀ àti okùn fìlà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé e lọ sétí omi, kí ìdí rẹ̀ kọjú síta, kó má kọjú sí ikùn yín. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ tó ti ń yí lórí ilẹ̀. Omi ló ń mú un tutù, omi ló sì ń dì í mú kó má yí ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tó bá wà lórí ìjókòó yẹn, ẹ dán failsafe rẹ̀ wò. Èyí ni ohun tí ọkọ̀ ń ṣe bí kò bá gbọ́ rìmóòtù mọ́. Ẹ jẹ́ kí prọ̀pẹ́là máa yí díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo ọwọ́ jìnnà sí i, kí ẹ wá pa rìmóòtù. Prọ̀pẹ́là gbọ́dọ̀ dúró. Bó bá ń yí lọ, ẹ ka ìwé tó bá a wá, ẹ ṣètò rẹ̀ kó lè dúró. Ọkọ̀ tí kò ní failsafe tó dájú kò gbọdọ̀ kúrò lórí tábìlì. Bó bá dé àárín omi tí kò gbọ́ àṣẹ mọ́, ibi tí imú rẹ̀ bá kọjú sí ló máa forí lé títí bátìrì á fi tán, ì báà jẹ́ ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ló wà níbẹ̀ tàbí ọmọ èèyàn.

Èé ṣe tí kò fi ní gbọ́ àṣẹ? Ọ̀pọ̀ rìmóòtù òde òní ń lo 2.4 GHz. Omi máa ń gbé ìgbì rédíò yìí mì, débi pé àwọn tó ń lo ọkọ̀ kékeré tó ń rìn lábẹ́ omi ṣì ń wá rìmóòtù àtijọ́ tó ń lo 40 MHz kiri. Nítorí náà, ẹ ṣí ìdérí ọkọ̀, ẹ wá rìsífà, àpótí kékeré tó ń gba àṣẹ. Ẹ máa rí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jáde lára rẹ̀. Orí wáyà yẹn, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tí wọ́n ti bó ìbora ìta rẹ̀, ni áńtẹ́nà gan-an. Kó dúró ṣánṣán, kó wà lókè ibi tí omi mọ lára ọkọ̀, kó má wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì tàbí lábẹ́ ohun tí wọ́n fi carbon fibre ṣe. Mo ti rí èyí tí wọ́n ká a bí okùn bàtà tí wọ́n sì fi tépù lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tí olówó rẹ̀ sì ń bú ilé iṣẹ́ tó ṣe rìmóòtù. Lọ́wọ́ tiyín, ẹ dúró, ẹ má lóṣòó sétí omi, ẹ má sì na orí áńtẹ́nà rìmóòtù sí ọkọ̀ gan-an. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àṣẹ ti ń jáde jù. Kí ẹ tó sọ ọ́ sómi, kí ẹnì kan di ọkọ̀ mú létí omi kí èkejì sì rìn jìnnà tó 30 mítà pẹ̀lú rìmóòtù, kó máa yí ìtọ́kọ̀ sí ọ̀tún àti òsì. Bó bá ń gbọ̀n tàbí tó ń pẹ́ kó tó dáhùn, ẹ gbé e padà sílé.

Ọ̀rọ̀ rédíò àti ọkọ̀ ojú omi ti pẹ́ o. Ní 1898 ni Nikola Tesla, onímọ̀ iná mànàmáná, ti darí ọkọ̀ kékeré kan láìfi wáyà so ó níwájú èrò ní Madison Square Garden ní New York, tó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n lè pè é.

Kí ẹ tó lọ sí adágún, ẹ fi omi kún ọpọ́n ìwẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ náà sí i pẹ̀lú bátìrì rẹ̀ nínú. Ṣé ó dúró déédéé? Bó bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ sún bátìrì. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan inú rẹ̀. Ibi tí omi sábà máa ń gbà wọlé ni òpó irin tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ prọ̀pẹ́là. Inú páìpù tó gbà kọjá gbọ́dọ̀ kún fún gíríìsì, kí ẹ sì máa fi kún un látìgbàdégbà. Ẹ ki fóòmù sí iwájú àti ìdí ọkọ̀, kó pọ̀ débi pé bí omi bá tilẹ̀ kún inú rẹ̀, kò ní lè rì. Èyí ló kéré jù lówó nínú gbogbo ohun tí ẹ máa ṣe, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ kun ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ní àwọ̀ tó máa ń hàn, bó bá dojú dé kí ẹ lè rí i.

Omi tí ẹ máa lò: kó dúró, kó má ṣe odò tó ń ṣàn, kó má ní koríko tó pọ̀, kí etí rẹ̀ rọ̀ wẹ̀lẹ̀ wọ omi, kó má dà bí ògiri. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín bí wọ́n bá ń gba irú rẹ̀ láyè. Bí ẹnì kan bá ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ọkọ̀ kò wọlé lọ́jọ́ yẹn, ì báà lọ́ra bí ìgbín. Ẹ jìnnà sí àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja, nítorí okùn wọn máa ń lọ́ mọ́ prọ̀pẹ́là, ẹ sì fi ìtẹ́ ẹyẹ sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Bí ọkọ̀ onígbòkun bá wà lórí omi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ yà fún un. Bí ẹ bá gbọ́ àrá, ẹ kó ẹrù.

Ẹ wo afẹ́fẹ́ kí ẹ tó yan ibi tí ẹ máa dúró sí. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ ni kí ẹ dúró sí, kó máa fẹ́ láti orí omi bọ̀ wá bá yín lójú. Bí ọkọ̀ bá kú, afẹ́fẹ́ á gbé e wá bá yín. Ẹni tó dúró sí òdìkejì ń wo ọkọ̀ rẹ̀ tó ń jìnnà sí i ni, ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ pé èèyàn lè lúwẹ̀ẹ́ lọ mú un ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìdarí kò le, bí ẹ bá mọ ohun méjì. Èkíní, bí ọkọ̀ bá ń lọ, ọ̀tún rẹ̀ ni ọ̀tún yín. Bó bá yí padà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ọ̀tún rẹ̀ ti di òsì yín. Ọgbọ́n tó ń ran ọmọdé lọ́wọ́ ni kó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀ sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, kó wò ó láti ẹ̀yìn èjìká, kí òun àti ọkọ̀ lè kọjú sí ibì kan náà. Láìpẹ́ kò ní nílò rẹ̀ mọ́. Èkejì ló ń fọ́ ọkọ̀: ìtọ́kọ̀ kì í ṣiṣẹ́ bí omi kò bá ṣàn kọjá lára rẹ̀. Ẹni tó bá rí òkúta níwájú á ṣàdédé jáwọ́ nínú tírígà, ohun tí ìka ń fà lára rìmóòtù kí ọkọ̀ lè sáré, á sì yí ìtọ́kọ̀, ọkọ̀ náà á kàn máa yọ̀ lọ tààrà bí ẹni pé kò gbọ́. Kó yí ìtọ́kọ̀ ná pẹ̀lú iná díẹ̀ lórí rẹ̀. Bí imú rẹ̀ bá ti kúrò lọ́nà òkúta, kó wá jáwọ́. Ẹ fi ìgò oníke méjì, tí ẹ so òkúta mọ́ nídìí, sórí omi, kí ó máa yí i ká bí nọ́ńbà 8. Gbogbo ohun tí mo sọ yìí wà nínú eré kan yẹn.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, bàbá ọmọ. Ẹni tó bá di rìmóòtù mú kì í gbé ojú kúrò lára ọkọ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí pé nígbà tí ẹ̀yin bá ń darí, kò sí ẹni tó ń wo ọmọ, ọmọ náà sì wà létí omi. Nítorí náà, bí ọmọ bá ń darí, ẹ̀yin ẹ wo ọmọ, ẹ má wo ọkọ̀. Bí ó bá kan yín, kí àgbàlagbà mìíràn wà níbẹ̀, tàbí kí ọmọ dúró gbá yín mọ́ ẹ̀gbẹ́. Níbi tí omi bá ti jìn tàbí tí etí rẹ̀ ń yọ̀, kó wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bó bá wá kú sáàárín omi. Ẹ kọ́kọ́ jáwọ́ lára tírígà. Ó ṣeé ṣe kí koríko ti wé mọ́ prọ̀pẹ́là, bí ẹ bá sì ń fi agbára tì í nígbà tí kò lè yí, iná tó ń wọ ẹ́ńjìnnì á pọ̀ jù, wáyà á gbóná, ESC tó ń díwọ̀n iná fún ẹ́ńjìnnì lè jóná. Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀ bó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn koríko náà máa ń tú. Bí kò bá tú, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ tí mo ní kí ẹ yan ibi ìdúró nítorí rẹ̀. Ó lè pẹ́ o. Bí kò bá sún mọ́ tòsí tó, ẹ so bọ́ọ̀lù tẹníìsì mọ́ okùn ìwọ̀, ẹ jù ú kọjá ọkọ̀, kì í ṣe sí ọkọ̀, kí ẹ wá rọra fa okùn náà padà kó gbé ọkọ̀ náà bọ̀. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ máa ń ní ọkọ̀ kejì tó lọ́ra, tí wọ́n fi òrùka okùn tó ń léfòó sí nídìí, òun ló ń lọ yí èyí tó kú ká tí á sì fà á wálé. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ tòótọ́ tí èèyàn ń wọ̀, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ wọ jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹlòmíì sì wà létí omi.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lúwẹ̀ẹ́ lọ gbé e. Bí omi bá tutù ju 15°C lọ, ara máa ń ta gìrì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èèyàn á mí kanlẹ̀ láìfẹ́, bí orí rẹ̀ bá sì wà lábẹ́ omi nígbà yẹn, omi ló máa mí sínú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ dáadáa náà ń kú sínú rẹ̀. Kódà níbi tí omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹrẹ̀ tó ń mú ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀, koríko tó pa ọkọ̀ náà sì ṣì wà níbẹ̀ tó ń retí ẹsẹ̀ yín. Ẹ sọ èyí fún ọmọ nílé, kí ọkọ̀ tó dé, kí ẹ sì jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ padà: bí ọkọ̀ bá lọ, ó lọ nìyẹn.

Nígbà tó bá dé ọwọ́ yín, ẹ yọ bátìrì kí ẹ tó pa rìmóòtù, kí ẹ tó tú koríko ìdí rẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ da omi jáde, ẹ fi sílẹ̀ ní ṣíṣí mọ́jú kó gbẹ. Ọkọ̀ tí wọ́n dé pa pẹ̀lú ọ̀rinrin nínú ni wáyà rẹ̀ ń dípẹtà. Bó bá jẹ́ omi oníyọ̀ ni ẹ ti lò ó, ẹ fi omi tó dáa ṣan gbogbo ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì fi gíríìsì tuntun sí òpó prọ̀pẹ́là. LiPo tí omi bá wọ̀, pàápàá omi oníyọ̀, ẹ gbé e síta kúrò nínú ilé, ẹ sì má ṣáàjì rẹ̀ mọ́. Èyí tó gbẹ tí ẹ kò ní lò títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má tọ́jú rẹ̀ ní kíkún, ẹ má sì jẹ́ kó tán, 3.8 V fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi í sí, ọ̀pọ̀ ṣájà ló sì ní bọ́tìnnì tó ń ṣe é fúnra rẹ̀.